Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kan Ṣoṣo Ni Àfúsá Kọlà Sí

Fisáyọ̀, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi oyin sí i.

Àfúsá, àbúrò mi, ti kú. Gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé kúrò lọ́rùn rẹ̀ nílé ìwòsàn kan níbí ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Wọ́n ní Ọlọ́run ló pè é. Ṣé Ọlọ́run náà ló ń bá ẹ̀yin dọ́kítà yan àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni?

Gbogbo àdúgbò wa ní Ìjemọ ló mọ̀ pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan ni Àfúsá kọlà sí. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Wọ́n da omi ìgbín sí ojú ilà, ẹ̀jẹ̀ ṣáà ń ṣàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Baba olóólà kó abẹ rẹ̀. Ó ní òun kò pààyàn rí, òun kò ní torí ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀.

Àfúsá sọ ọ́ di ẹ̀rín. Bó bá ń bínú sí ọkọ rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló máa ń yí sí i: "Èyí ò nílà, kò mọ̀ yín rí."

Kí wọ́n tó gé gẹ̀gẹ̀ náà, nọ́ọ̀sì kan bi í pé, "Màmá, kí ló dé tí ilà yín fi mọ sí ẹ̀gbẹ́ kan?"

"Olóólà lọ jẹun ni. Mo ṣì ń retí ẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ó parí síbẹ̀. Mo ní, "Dọ́kítà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í tètè dá o. Ó yọ eyín níjọ́sí, gbogbo ìrọ̀rí rẹ̀ ló rin fún ẹ̀jẹ̀."

"Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. A ti yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń dì. Ó dáa."

Ó dáa! Lẹ́yìn ìsìnkú ni ọ̀gá wọn wá ń ṣàlàyé pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dídì kì í ṣe ẹyọ kan, pé èyí tí wọ́n ń ṣe fún gbogbo èèyàn kò lè rí irú àrùn tó jọ pé Àfúsá ní, pé ìtàn aláìsàn ló ń sọ èyí tó yẹ. Ẹ ń wá iyọ̀ nínú ọbẹ̀, ata lẹ tọ́ wò. Ìtàn wo lẹ tún fẹ́? Ojú rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí!

Ẹ má sunkún Àfúsá, ó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Bàṣírátù, ọmọ ọmọ rẹ̀ ní Ìtorí, ló ká mi lára. Ọ̀gá náà ní àrùn àjogúnbá ni. Oyún Bàṣírátù ti wọ oṣù ìbímọ, imú rẹ̀ kì í sì í yéé ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹni tó yan àyẹ̀wò yẹn, kó wá sí Ìjemọ, kó jókòó níwájú wa, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "A ò bèèrè." Kó fi Ọlọ́run sílẹ̀ níbi tó wà.

Fisáyọ̀, Bàṣírátù ni kó o kọ́kọ́ pè. Kó sọ ti ìyá àgbà rẹ̀ fún àwọn tó máa gbẹ̀bí rẹ̀ kí ìrọbí tó mú un. Bí wọ́n bá ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa, kó bi wọ́n pé, "Àyẹ̀wò wo lẹ ṣe?" Lẹ́yìn náà, gbé ìwé yìí fún ọ̀gá dọ́kítà. Ní ti nọ́ọ̀sì tó rẹ́rìn-ín yẹn, fúnra rẹ ni kó o lọ bá a. Sọ fún un pé olóólà ò lọ jẹun.