Bàtà Ni Mò Ń Kà Lẹ́nu Ihò Omi Mẹ́kà

Múdìrì wa ti dé Róòmù rí. Kí ẹ tó mọ orúkọ mi, kí ẹ tó mọ iṣẹ́ tí mo ṣe, ó yẹ kí ẹ mọ èyí, nítorí òun náà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ nǹkan mìíràn ṣáájú rẹ̀. Múdìrì ni à ń pe ọ̀gá ibi iṣẹ́ níbí. Ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ dé ibi iṣẹ́ wa lójú ọ̀nà Árafà, àwa òṣìṣẹ́ mẹ́rin dúró nínú oòrùn, à ń retí kí ó kí wa. Kò kí wa. Ó yọjú wo inú ihò, ó mi orí, ó ní, "Àwọn ti Róòmù tóbi ju èyí lọ." Ọ̀sẹ̀ kan péré ni òun àti ìyàwó rẹ̀ lò níbẹ̀ nígbà ìsinmi. Wọ́n rìn nínú àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ará Róòmù àtijọ́ gbẹ́, wọ́n wo òpó, wọ́n wo ògiri tó ti wó, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n padà sí Jẹ́dà. Bí ó ṣe di ọ̀jọ̀gbọ́n nìyẹn.

Yúsúfù ni orúkọ tèmi. Mẹ́kà ni wọ́n bí mi sí, ní àdúgbò Al-Utaybiyah. Ìwó ni bàbá bàbá mi ti gbéra wá ṣe hájì, tí kò sì padà mọ́. Yorùbá là ń sọ nílé. Lárúbáwá ni àwọn ọmọ mi fi ń dá mi lóhùn, èmi náà a sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ títí wọn yóò fi tún un sọ. Fún ogójì ọdún ó dín díẹ̀, iṣẹ́ ihò omi ni mo ṣe. Láyé àtijọ́, ìyàwó kálífà kan gbọ́ bí òùngbẹ ṣe ń pa àwọn tó wá ṣe hájì, ó ní kí wọ́n la ọ̀nà omi láti ẹsẹ̀ òkè wá sí Árafà àti Mẹ́kà. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, abẹ́ ilẹ̀ ló gbà, ẹni tó bá sì ga díẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹrí ba níbẹ̀. Ojú ihò wà káàkiri tí èèyàn lè gbà sọ̀kalẹ̀. Kàrásà là ń pè é. Tiwa ni kí á wọ kàrásà lọ kó ẹrẹ̀ àti iyanrìn jáde kí omi lè ráyè kọjá. Omi náà ti gbẹ tipẹ́, omi ẹ̀rọ ni gbogbo ayé ń mu. Ṣùgbọ́n wọ́n tún apá kan ṣe, níbi tí kò jìnnà sí yunifásítì Al-Abidiyah, wọ́n fa iná sí i, wọ́n ní kí àlejò máa wá wò ó. Bí àwa tí à ń kó ẹrẹ̀ ṣe di ẹni tó ń mú àlejò rìn nìyẹn.

Ẹ ò rí i pé kò sí ará Róòmù kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Múdìrì.

"Ámmì Yúsúfù," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà níbí, "àwọn àlejò fẹ́ràn Róòmù. Sọ fún wọn pé ó dà bíi ti Róòmù."

"Ta ló ti dé Róòmù nínú wọn? Ṣé Àlàájì tó ti Ìlọrin wá ni?"

"Ṣáà sọ ọ́."

Mo ń sọ ọ́ lóòótọ́. Bí ó bá ti wà nítòsí, màá sọ fún àwọn àlejò tí wọ́n jẹ́ ará ilé wa ní Yorùbá pé ọ̀gá mi tó dúró yẹn ti dé Róòmù, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi kí i. Gbogbo wọn a yíjú sí i, wọn a kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Inú rẹ̀ a dùn, a rò pé ìtàn ni mò ń sọ.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni Bàbá Súnmọ́nù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹnu rẹ̀ mú ju ṣọ́bìrì rẹ̀ lọ. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Bàtà ni ìwé rẹ̀. Kí o tó sọ̀kalẹ̀, wàá bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu kàrásà, wàá tò ó sórí ìlà, wàá kọjú rẹ̀ sóde. Bí o bá jáde, wàá wọ̀ ọ́. Bí ẹsẹ̀ bàtà kan bá ṣì wà nílẹ̀, ènìyàn kan ṣì wà nísàlẹ̀ nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ojú ihò dé, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ lọ ilé.

Ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀, ebi ń pa mí, mo sáré jáde, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹlòmíràn, mo lọ jókòó ti oníṣáì tó ń ta tíì. Níbi tí mo ti ń jẹ búrẹ́dì, àwọn ọkùnrin mẹ́fà ń wá òkú mi kiri nínú ilẹ̀. Nígbà tí Bàbá Súnmọ́nù rí mi, kò lù mí. Ó gba bàtà lẹ́sẹ̀ mi, ó ní kí n dúró lórí òkúta gbígbóná títí ìrun Àsárì.

"Ṣé o ti mọ ẹsẹ̀ ara rẹ báyìí?"

"Mo ti mọ̀ ọ́n, Bàbá."

"Tún wò ó dáadáa."

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tiro. Láti ìgbà náà ni mo ti gba bàtà gbọ́ ju ènìyàn lọ.

Ẹ wá fojú inú wo irú èmi yìí nígbà tí Múdìrì gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dé. Ó ní gbogbo àlejò ló máa fi tíkẹ́ẹ̀tì orí fóònù hàn án, yóò dún "tín" bí wọ́n bá wọlé, yóò tún dún "tín" bí wọ́n bá jáde, a ò nílò kí ẹnikẹ́ni máa ka bàtà bí ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn mọ́ṣáláṣí. Mo pòṣé. Bàtà òjò là ń fún àlejò wọ̀ sísàlẹ̀ nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ ṣì tutù, orí ẹní ni wọ́n sì ń fi bàtà tiwọn sí. Mo ní kó máa tẹ tín rẹ̀, èmi yóò máa wo ẹní mi. A wá ń bára wa ṣe é bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀rọ náà.

Ọjọ́bọ̀ kan ni àwọn ará ilé wa kan dé, mẹ́rìndínlógún, láti Ìbàdàn. Wọ́n ti ṣe Úmúrà tán, ọkọ̀ méjì ló gbé wọn, láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n sì ti máa kọjá sí Jẹ́dà lọ wọ bàálù ní ìrọ̀lẹ́. Áfà wọn ló kó tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo wọn sórí fóònù tirẹ̀. Ọkùnrin kan na fóònù kan, ẹ̀rọ dún tín-tín-tín lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó gbọ́n, kò mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ló dúró níwájú òun!

Àlàájà àgbà kan wà nínú wọn, ó lé ní àádọ́rin ọdún, ó rọra ń rìn. Mo rí i tó ń di nǹkan sínú náílọ́ọ̀nù dúdú, mo rò pé dàbínù ni. Mo ní nínú ọkàn mi pé àwọn èèyàn wa ò lè rin ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún láìgbé oúnjẹ dání. Mo sọ orúkọ mi fún wọn, ti bàbá mi àti ti Bàbá Súnmọ́nù, mo mú wọn wọlé, mo sọ ìtàn. Mo fi yàrá kékeré kan hàn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, níbi tí iyanrìn ti máa ń rọlẹ̀ kí omi tó kọjá, mo ní ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa ti máa ń kírun bí àkókò bá bá wọn nísàlẹ̀. Awakọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fun fèrè lókè pé àkókò ń lọ, gbogbo wọn sì rọ́ jáde. Lẹ́nu kàrásà, Áfà tún na fóònù, tín-tín-tín. Dípò kí n máa wo ojú àwọn tó ń jáde, Múdìrì ni mò ń wò, mò ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo wo ẹní. Ó ṣófo.

"Ó pé," mo ní.

"Ó pé," Múdìrì náà ní, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sókè. A kì í ṣí lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí náà mo pa iná, ó fi irin dé ojú ihò, ó tì í pa di Sátidé.

Ṣáfíkù, ará Báńgíládẹ́ẹ̀ṣì tó ń fọ bàtà òjò, ló wá bá wa. Mẹ́rìndínlógún ló fún wọn, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló rí gbà.

"Àwọn èèyàn rẹ ti jí ẹsẹ̀ bàtà kan," Múdìrì ní, ó ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò rẹ̀.

Kí n má parọ́, èmi náà gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ń bínú sí wọn pé wọ́n dójú tì mí níwájú irú ọkùnrin yìí. Ìgbà tí mo ń ká ẹní ni mo rò ó dáadáa. Ẹni tó bá wọ bàtà òjò wa lọ, bàtà tirẹ̀ ló yẹ kó ṣẹ́kù fún mi. Ta wá ni yóò wọ tiwa, tí yóò tún gbé tirẹ̀ dání? Àfi ẹni tí wọ́n ti jí bàtà rẹ̀ gbé lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí Hárámù rí. Ìyá mi gan-an kì í wọ mọ́ṣáláṣí láìdi sálúbàtà rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù, kí ó gbé e sábíyá. Dàbínù kọ́ ni Àlàájà dì!

Mo sáré dúró síwájú mọ́tò. "Ẹ ṣí i. Ìyá àgbà kan wà nísàlẹ̀."

"Tábúlẹ́ẹ̀tì ní mẹ́rìndínlógún ló jáde."

"Tábúlẹ́ẹ̀tì ò lójú!"

"Bàtà rẹ ńkọ́, ó lójú?"

 Mo kàn di iwájú mọ́tò mú, mo ní bí kò bá ṣí i, orí mi ni yóò gbà kọjá. Ó wo ojú mi, ó yọ kọ́kọ́rọ́. Kí n fún un ní tirẹ̀, kò dúró lókè. Ó tẹ̀ lé mi sọ̀kalẹ̀ tòun ti bàtà dídán rẹ̀.

Mo ń pè, ohùn mi nìkan ló ń padà bá mi. Bí a ṣe dé ẹ̀gbẹ́ yàrá iyanrìn, mo gbọ́ ikọ́.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Àlàájà. Ẹni tó mú yín wọlé."

"Ta ló pa iná?"

"Èmi náà ni, mà."

Ó jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti òkúta, bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, náílọ́ọ̀nù wà lórí itan rẹ̀. Ó ní ìrun òpó méjì ni òun yà kí níbi tí mo ní àwọn bàbá mi ti ń kírun. Nígbà tí òun sálámà parí ìrun náà, òun kò rí ọwọ́ ara òun mọ́. Ó ti pariwo títí ohùn fi há. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀.

"Ṣebí ẹ ní láti ìgbà èwe yín lẹ ti ń ṣiṣẹ́ yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé èèyàn ti pé?"

"Bàtà ni mo máa ń kà, mà."

Ó gbé náílọ́ọ̀nù náà sókè sínú iná tọ́ọ̀ṣì mi. "Tèmi rèé. Ẹ kà á."

Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlé, nítorí mo ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Múdìrì ló bá mi gbé e dìde. Ọkọ̀ wọn ti lọ, fóònù Áfà kò wọlé, bàálù kò sì ní dúró. Mọ́tò Múdìrì la gbé e sí, ó wà á bí ẹni tí wọ́n ń lé. Lójú ọ̀nà, ó ní òun fẹ́ tu Àlàájà nínú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.

"Kí ló ń wí?" Àlàájà bi mí.

"Ọ̀rọ̀ Róòmù ni, mà. Ihò wà níbẹ̀ náà."

"Ẹ bi í pé ṣé wọ́n ń ti àgbàlagbà mọ́nú rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un, n kò yọ ọ̀rọ̀ kankan kù. Ṣe ló fi kún eré títí a fi dé Jẹ́dà.

Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ti tò sórí ìlà. Áfà rí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àlàájà, ẹ ti dé? Àwọn tọkọ̀ kejì rò pé ọ̀dọ̀ wa lẹ wà, àwa náà rò pé ọ̀dọ̀ tiwọn lẹ wà." Wákàtí méjì, ẹnikẹ́ni ò wá a! Mo fẹ́ bú u, ẹnu mi ti là, mo sì rántí ẹni tó pa iná.

Àlàájà kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó lórí àpótí, ó bọ́ bàtà òjò, ó dá a padà fún mi, ó tú náílọ́ọ̀nù, ó wọ sálúbàtà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ bá a so okùn rẹ̀. Okùn náà kò wọlé. Omi ti bo ojú mi, ojú sì ń tì mí pé Múdìrì dúró lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wẹ̀yìn, òun náà ń fi etí aṣọ orí rẹ̀ nu ojú.

Àlàájà di ọwọ́ mi mú. "Kí ẹ tó mú wa wọlé," ó ní, "ẹ sọ orúkọ yín fún wa, ti bàbá yín, ti ọ̀gá tó kọ́ yín níṣẹ́. Ẹ ò bi wá ní tiwa." Ó dìde. "Ráṣídátù ni wọ́n ń pè mí."

Ìlà gbé e lọ. Nínú gbogbo àlejò tí mo ti mú wọ inú ihò yẹn, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ orúkọ rẹ̀.