Ọkùnrin tó ń yẹ ohùn ẹ́ńjìnì wò

Ọdún mọ́kànlélógún ni ọkùnrin yìí fi etí rẹ̀ jẹun. Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, yàrá kan wà tí wọ́n fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń ti ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan sí kí ó tó jáde. Òun á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á ní kí wọ́n tẹ iná mọ́ ọn, á dijú, á tẹ́tí. Bí bíárìn kan, irin róbótó tó ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnì yí geere, kò bá jókòó dáadáa, ohùn kan á máa ta kó, kó, kó, lábẹ́ ariwo tó kù, bí ìgbà tí ènìyàn ń fi èékánná kan tábìlì. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá lọ, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè gan lójijì lórí eré, kí apá awakọ̀ má sì ká a mọ́. Nítorí etí yìí ni wọ́n fi ń pè é ní Elétí Ọfẹ. Wọ́n ní kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín ilé mẹ́ta sí i.

Etí náà kò di lójọ́ kan. Ẹyẹ ló kọ́kọ́ dákẹ́. Lẹ́yìn náà, ìkòkò tó ń hó. Lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ bí ó bá pè é láti ilé ìdáná. Obìnrin náà kò bi í léèrè ohunkóhun. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wá síwájú rẹ̀ kí ó tó la ẹnu, òun náà kò sì bi í nídìí rẹ̀. Níbi iṣẹ́, ó dẹ́kun dídijú. Àtẹ́lẹwọ́ ló ń gbé lé ẹ́ńjìnì, ó ń fi bó ṣe ń gbọ̀n méfò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i, wọ́n mirí: iṣẹ́ ọkùnrin yìí ti kọjá etí, ó ti dé ọwọ́. Òkìkí rẹ̀ kò tíì kàn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àsìkò yìí ni ilé iṣẹ́ náà bá ti òkè òkun kan dòwò pọ̀ láti ṣe ọkọ̀ asáré. Àwọn ará ibí ṣe ara ọkọ̀, àwọn ará ọ̀hún fi ẹ́ńjìnì ránṣẹ́, wọ́n sì ń jà lórí orúkọ ẹni tí yóò ṣíwájú lára rẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ igba ó lé méjìlá ti jáde, àwọn àlejò wá, wọ́n yí tábìlì gígùn kan ká, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sọ èrò rẹ̀ láìbẹ̀rù. Gbólóhùn yìí gan-an ni ẹ̀rù máa ń ba òṣìṣẹ́. Ẹni tó ń kun ọkọ̀ ní ó rẹwà, àmọ́ ó kúrú débi pé ẹni tó ń wọ inú rẹ̀ dà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Obìnrin tó ń rán àga ní aṣọ lásán ni àwọn wọ̀ fún un, ọmọ ọlọ́mọ ni. Gbogbo wọn fẹnu kò pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Àwọn àlejò ṣàlàyé pé àwọn mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ẹni tó bá ra irú rẹ̀ fẹ́ kí àdúgbò mọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ Elétí Ọfẹ ni ògbufọ̀ jókòó sí, Elétí kò sì rí ètè rẹ̀ kà. Nígbà tí gbogbo ojú yí sí i, ó mọ̀ pé ó kan òun.

“Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé kì í pariwo,” ó wí. “Ẹ lè dúró tì í kí ẹ má mọ̀ pé wọ́n ti tan ẹ́ńjìnì.”

Àlejò kan rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òṣìṣẹ́ yìí mọ ẹ̀fẹ̀ ṣe. Ọ̀gá rẹ̀, tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá náà yọ́ wọ yàrá fóòmù, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kò tíì tan ẹ́ńjìnì kankan.

“Elétí, ilé rẹ ń jó o.”

Ọkùnrin náà ń nu ọwọ́ rẹ̀.

“Ìyàwó rẹ ti kó ẹrù jáde, ó ní òun ò ṣe mọ́.”

Ó ká àkísà náà, ó fi í sápò. Ọ̀gá wá yí síwájú rẹ̀.

“Ó ti tó ìgbà wo?”

“Ó lé lọ́dún kan.”

“Àwọn ọkọ̀ asáré yìí ńkọ́?”

“Mi ò gbọ́ ìkankan nínú wọn. Ẹ pè wọ́n padà.”

Ọ̀gá jókòó, ó ń la ẹnu díẹ̀díẹ̀ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ka ètè òun: bí wọ́n bá pè wọ́n padà, àwọn àlejò á palẹ̀ mọ́, ilé iṣẹ́ á tì, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn á sì di aláìníṣẹ́. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni etí náà di. Ó ti ìwé àti bíróò síwájú rẹ̀. Elétí Ọfẹ fọwọ́ sí i. Òun ní òun rò ó fún bí ìdajì wákàtí. Ọ̀gá ní kò tó ìṣẹ́jú méjì.

Wọ́n fún un ní lẹ́tà ọpẹ́, ó sì wá jókòó sílé. Ìwé ìròyìn ló ń kà, ní pàtàkì ojú ìwé tí àwọn ènìyàn ti ń sọ èrò wọn lórí ọkọ̀ náà. Á ka ọ̀kọ̀ọ̀kan dé ìsàlẹ̀, á máa wá ìjàǹbá. Bí kò bá rí i, á mí kanlẹ̀. Ní oṣù kẹta, oníṣègùn eyín kan kọ̀wé láti yin tirẹ̀. Ó ní bí òun bá ti ń gun òkè, ohùn kékeré kan a máa ta kó, kó, kó nínú ẹ́ńjìnì náà ṣáá bíi ti aago, ara òun a sì yá gágá.

Ó wọ bàtà, ó lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìròyìn náà. Ó sọ fún akọ̀wé tó wà lẹ́nu ọ̀nà pé òun fẹ́ mọ ibi tí oníṣègùn eyín yìí ń gbé, pé kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ náà mọ́. Akọ̀wé dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìwé tó ń kọ ló tẹjú mọ́. Elétí Ọfẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó tún un sọ. Akọ̀wé tún un sọ, láì gbójú sókè.