Fílàṣì Òfìfo

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí a sin bàbá mi ni ìyá mi ní kí n wọ bàtà, ká lọ ra kámẹ́rà. Àárọ̀ Sátidé ni. Mò ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Mo gbé àtẹ sílẹ̀, mo wọ bàtà. Ká ní wọ́n ní kí n wọ inú odò Agboyi lásìkò yẹn, n óò kàn béèrè bóyá kí n kọ́kọ́ bọ́ bàtà ni.

Iṣẹ́ fótò ni mò ń kọ́, ní sítúdíò kan ní Kétu. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń fi kọ́ ọ, ẹ̀kẹta sì ti ń parí lọ. Ọ̀gá mi kì í tú ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Tí o bá fẹ́ gbòmìnira, wàá gbé kámẹ́rà tìẹ wá, ì báà jẹ́ tòkunbọ̀. Yóò gbé e lé orí tábìlì, yóò gbàdúrà sí i, òbí rẹ yóò wá jókòó síwájú rẹ̀, wàá sì yà á lójú gbogbo ènìyàn. Fótò àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà tuntun bá yà, ti òbí ni. Bàbá mi ló yẹ kó jókòó. Láti ọjọ́ tí mo ti wọṣẹ́ ló ti ń sọ pé òun ni òun máa jókòó, pé kò wúlò kí wọ́n gbé ìyá mi síbẹ̀, torí kò sí fótò tí wọ́n ya ìyá mi rí tí kò dijú.

Ẹ má bi mí pé báwo ló ṣe ń ṣe mí lásìkò yẹn. Kò ṣe mí rárá, wàhálà tó wà níbẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe máa ń kú téèyàn bá jókòó lé e pẹ́: ẹ mọ̀ pé tiyín ni, ẹ fọwọ́ kàn án, kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara mi rí. Nígbà tí wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ lé e lórí ní Ìjẹ̀bú, àwọn àǹtí ń wo ojú mi bóyá omi á bọ́. Omi kankan ò bọ́. Ẹni tó ń ya fótò ìsìnkú ni mò ń wò, mò ń sọ lọ́kàn mi pé ó kọjú kámẹ́rà sí oòrùn, gbogbo rẹ̀ ló máa dúdú. Ọ̀kan nínú àwọn àǹtí yẹn ní ọkàn mi le. Jọ̀ọ́, kí ló mọ̀?

Nígbà tí à ń wí yìí, ìjà kan ṣoṣo ló wà láàárín àwọn onífótò Kétu: kámẹ́rà onífíìmù ni tàbí díjítà? Ọ̀gá mi ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni díjítà. Àwọn láàbù tó ń fọ fíìmù fún wa ní ká máa wò ó, pé ó kù díẹ̀ ká wá fíìmù tì lọ́jà. Èmi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Èyí tí wọ́n bá gbé lé mi lọ́wọ́ ni n óò gbà. Nǹkan kan ṣoṣo ló ń bà mí lẹ́rù nínú lílọ ra kámẹ́rà yẹn: kí ìyá mi má lọ dúró níwájú ẹni tó ń tà á, kí onítọ̀hún má ṣàlàyé fún un bí fílàṣì ṣe ń ṣiṣẹ́.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Fíìmù kan, fótò mẹ́rìndínlógójì ló ń gbà. Ọ̀gá mi mọ iye tó kù nínú kámẹ́rà bí ìyàwó ilé ṣe ń mọ iye ẹran tó kù nínú ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ òde ìnáwó kún fún àwọn tó máa ń pariwo pé, "Onífótò, yà mí! Yà mí, èmi àti ọ̀rẹ́ mi!" tí wọn ò sì ní wá gba fótò ọ̀hún láéláé. Tí o bá ní o ò yà wọ́n, ìjà dé. Ọ̀gá wá kọ́ wa ní fílàṣì òfìfo. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́yìn fílàṣì tí a máa ń fi sórí kámẹ́rà. Tí o bá tẹ ìyẹn, iná á kọ mànà, àmọ́ kámẹ́rà ò ní lajú, kò ní ró kàá, fíìmù ò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni dúró níwájú òun. Ariwo òde ò ní jẹ́ kí ẹni tí o yà gbọ́ pé kò ró. Á ti rẹ́rìn-ín, á ti tún gèlè ṣe, á sì máa lọ tayọ̀tayọ̀. "Ṣebí iná ni wọ́n fẹ́," ọ̀gá mi á ní, "ẹ fún wọn níná."

Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe tó mi. Tí mo bá délé, mo máa ń sín in jẹ fún àwọn òbí mi, bí ìyá àgbà kan ṣe na ọrùn, bí mo ṣe ní, "Mummy, ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i." Bàbá mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá mi, tíṣà ni, ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìkòsí, á ní olè ni gbogbo wa, àti èmi àti ọ̀gá mi.

Jẹnẹrétọ̀ ni bàbá mi ń tún ṣe ní Owódé Onírin. Tí wọ́n bá gbé ọ̀kan wá, kì í kánjú tú u. Á ní kí wọ́n tan án, á dijú, á dẹtí sí i. "Fáàfù ni," á wí. Tàbí kó ní, "Ẹ máa gbé e lọ, ọ́yìlì ló ń tọrọ." Kì í tàsé. Aṣọ ara rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ọ́yìlì ni.

Ọ̀sán Jímọ̀ kan ló yọ sí mi ní sítúdíò, kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó ti gẹrun, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ eérú kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán fún un. Ọ̀gá mi ti jáde. Bàbá mi ní, "Ọ̀gá onífótò, ẹ yà mí o. Mo fẹ́ kọ́ eléyìí sí pálọ̀."

Inú bí mi. Òótọ́ ni mò ń sọ, inú bí mi. Fótò márùn-ún péré ló kù nínú kámẹ́rà, ìdílé kan sì ń bọ̀ wá lò ó nírọ̀lẹ́. Ọ̀gá á béèrè ọ̀kan tó bá dín. Mo rò ó pé bàbá mi ni, inú ilé kan náà la jọ ń gbé, ibo ló ń lọ? Tí mo bá ki fíìmù tuntun lọ́jọ́ Ajé, n óò yà á dáadáa. Mo ní kó jókòó. Mo gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, mo tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Daddy, ẹ rẹ́rìn-ín."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo tẹ bọ́tìnnì ẹ̀yìn fílàṣì.

Iná kọ. Kò dìde lójú ẹsẹ̀. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá dìde, ó gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá onífótò." Ẹ̀rín ló ń rín lọ. Mo dá kámẹ́rà padà sínú àpótí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbàgbé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, iṣẹ́ pọ̀. Lọ́jọ́bọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Aṣọ aláwọ̀ eérú yẹn náà ni wọ́n fi sin ín.

Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ méjì. Ní ọjọ́ kejì ikú rẹ̀, ó ní, "Fótò tí o ya Daddy rẹ lọ́jọ́ Jímọ̀ dà? Ìyẹn la máa lò fún pósítà." Mo ní ó wà ní láàbù. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, mo ní ẹ̀rọ láàbù bàjẹ́. Lọ́jọ́ kẹta tó ń béèrè, mo ní iná ti wọ fíìmù, gbogbo rẹ̀ ti jó. Wọ́n bá lọ gé orí rẹ̀ jáde nínú fótò ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Èjìká ẹlòmíràn ń yọjú létí rẹ̀ nínú pósítà ọ̀hún, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀ díẹ̀ bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Ìyá mi ò tún dárúkọ fótò mọ́. Kò bi mí pé láàbù wo. Mo gbà pé ó gbà mí gbọ́ ni. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Oṣù mẹ́ta péré ni tèmi lò.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì Ìkòsí ni ṣọ́ọ̀bù kámẹ́rà náà wà. Ẹnu ọkùnrin tó ń tà á ò sinmi. Ó gbé méjì kalẹ̀ lórí tábìlì onígíláàsì níwájú wa.

"Mummy, ẹ wò ó, onífíìmù nìyí. Irin ni gbogbo ara rẹ̀. Fílàṣì rẹ̀ náà nìyí." Ó fi fílàṣì sórí rẹ̀, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí ìyá mi. "Tí Aunty yìí bá fẹ́ mọ̀ bóyá bátìrì lágbára, kó kàn tẹ ibí."

Ó tẹ̀ ẹ́. Iná kọ mànà lójú ìyá mi.

"Ó ti yà mí nìyẹn?"

"Rárá o, Mummy! Iná lásán ni."

Ìyá mi mi orí. Mò ń wo ilẹ̀. Mo ka táìsì mẹ́jọ, ọ̀kan ti sán.

Ọkùnrin náà gbé díjítà, ó ya ìyá mi, ó sì fi ẹ̀yìn kámẹ́rà náà hàn án. Ìyá mi rèé nínú gíláàsì kékeré, ó dijú pátápátá. Ó wò ó títí.

"Tẹ́ ẹ bá ṣe bí ẹni tó yà á, tẹ́ ẹ ò yà á, kò ní sí níbí?"

"Kò lè sí, Mummy. Ojú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀."

"Èyí la fẹ́," ìyá mi wí.

Mo ní, "Ọ̀gá mi ní onífíìmù ni kí n..."

"Ọ̀gá rẹ kọ́ ló ń rà á."

Ọkùnrin náà lọ sẹ́yìn lọ wá páálí rẹ̀. Ìyá mi ṣí báàgì rẹ̀, ó ń tú inú rẹ̀, kò wojú mi.

"Ó sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn."

"Ta ni, ma?"

"Daddy rẹ. Kò tíì bọ́ aṣọ tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Mummy, ọmọ ẹ fún mi ní fílàṣì òfìfo lónìí. Mo dẹtí dẹtí, kò ró.' Ó ní ojú ẹ ò tiẹ̀ yẹ̀. Ó ní, 'Ọmọ yẹn ti mọṣẹ́.' Inú ẹ̀ dùn débi pé ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì."

Èyí tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

"Mò ń retí kó o sọ fún mi ni."

Ẹsẹ̀ tó kú, ìgbà tó bá ń jí ló ń dunni. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, láàárín ọjà ẹni ẹlẹ́ni. Mo di tábìlì náà mú. Ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú páálí, ó wò mí, ó wo ìyá mi, ẹnu rẹ̀ sì sinmi lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá mi jókòó sórí àpótí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó na ẹ̀yìn rẹ̀. "Ó yá," ó ní, "yà mí."

Mo gbé kámẹ́rà náà. Omi ojú ò jẹ́ kí n rí ibi tí mò ń tẹ̀. Ó ró. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nujú, mo wo ẹ̀yìn kámẹ́rà.

Ìyá mi wà níbẹ̀. Kò dijú.