Èwo Ni Ìyàwó Nínú Yín?

Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́: mo jowú ìkejì mi. Mo jowú rẹ̀ nígbà tó lọ́kọ, mo jowú rẹ̀ nígbà tó ń jókòó lábẹ́ kánópì ní pápá bọ́ọ̀lù bíi ìyàwó gómìnà. Owú ni mo jẹ, irọ́ kọ́ ni mo pa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń bá ọ̀rọ̀ mi bọ̀.

Ìbejì olójú kan náà ni wá. Ní Igbó-Ọrà tiwa, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Bí ẹ bá dúró ní àdúgbò wa tí ẹ pe "Ìyá Ìbejì!", obìnrin mélòó kan ni yóò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, ìyá wa á sì wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n tiwa tún le díẹ̀. Bàbá tó bí wa gan-an, ohùn wa ló fi ń dá wa mọ̀ títí ó fi kú. Ohun tí ìyá wa bá rà fún ọ̀kan, ó gbọ́dọ̀ ra irú rẹ̀ fún èkejì. Bí ibà bá mú ọ̀kan, àwa méjèèjì la ó jọ mu àgbo, ẹni tí ara rẹ̀ le a sì máa sunkún ju aláìsàn lọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ la ó ṣe lo gbogbo ayé wa, ìdajì ìdajì.

Àfi ìgbà tó kan ọkọ.

Aránṣọ ni mí. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà pápá, èmi ni mo sì máa ń rán nọ́ńbà mọ́ jẹ́sì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú wa. Lọ́jọ́ kan, agbábọ́ọ̀lù tuntun tí wọ́n mú wá láti Ṣakí wọlé, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya níbàdí. Ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, ìdí nìyẹn tí gbogbo èrò fi máa ń pariwo "Òsì! Òsì!" bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń bá mi ṣàwàdà títí mo fi fi abẹ́rẹ́ gún ara mi lọ́wọ́. Ó ní òun yóò padà wá kí mi lọ́jọ́ ọjà. Mo lọ ra ìpara tuntun. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ ọjà pé, n kò rí i. Ìkejì mi ló pàdé lọ́nà, tí ìyẹn ń ra gààrí bọ̀. Ọkùnrin náà ní, "Ọ̀dọ̀ rẹ ni mo ń bọ̀ yìí. Ṣé ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ gún ti jinná?" Ó rò pé èmi ni. Kò mọ̀ pé ẹni méjì ni wá. Gbólóhùn kékeré kan péré ló yẹ kí ìkejì mi sọ: "Èmi kọ́." Kò sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé gààrí fún un gbé, wọ́n jọ rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé wa. Nígbà tí ọkùnrin náà fi máa rí àwa méjèèjì pa pọ̀, ọ̀rọ̀ ti wọ̀ wọ́n lára.

Mo bi ìkejì mi pé kí ló dé tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ojú ẹ ló wù ú àbí ojú mi? Ṣebí ojú kan náà ni." Háà! N kò bá a jẹun fún ọjọ́ pípẹ́. Ìyá wa ní a kì í jà bíi ká kú, ó fi ẹran kún ọbẹ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹran kọ́ ni mo ń wá.

Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Góòlù ń wọlé, ìlú ń pariwo, ìkejì mi ń jókòó lábẹ́ kánópì pẹ̀lú ìyàwó àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Àwọn ọlọ́kadà kì í gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Wọ́n kì í gbowó lọ́wọ́ èmi náà. Wọ́n á ní, "Ìyàwó Òsì, ẹ gùn ún ká lọ," èmi náà á sì gùn ún, n kò ní sọ pé èmi kọ́. Àbùkù wo ló wà níbẹ̀? Ó gba odidi ọkọ, èmi gba ọ̀kadà ọ̀fẹ́. Ìyá wa nìkan ni orúkọ yẹn kò dùn mọ́ nínú. Ó máa ń sọ pé, "Òsì, òsì tí wọ́n ń pè yìí, kó má lọ di òṣì sí wa lọ́rùn o."

Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ìkejì mi wọlé tọ̀ wá láàárọ̀ kùtùkùtù, ó fi gèlè bo ojú. Ìyá wa ká gèlè náà kúrò. Ojú ọ̀tún ti dí pátápátá, ètè ti bẹ́. Ọkọ rẹ̀ gbá pẹ́náritì sófo ní Làńlátẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Ìkejì mi ní, "Pẹ́náritì yẹn, ojú mi ló wá gbá a sí."

Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kíní. Ó ti pẹ́ tí ọkọ rẹ̀ ti ń nà án, tí òun sì ń fi àtíkè bò ó. Ìyá wa bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó nawọ́ sí mi. Ó ní òun kò fẹ́ kí n gbọ́ kí n máa yọ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kò dára, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́: mo ní, ó tán, a ti dọ́gba. Ọkàn mi sọ bẹ́ẹ̀ kí n tó rí i mú. Ìyá wa ti gbé omi gbígbóná wá ní tiẹ̀, ó ń ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó ń fi tẹ ojú ìkejì mi, ìyẹn ń jẹ̀rora. Bó ṣe parí, ó tún aṣọ náà fún, ó yíjú sí mi, ó sì gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ èmi náà.

Mo ní, "Ìyá, ojú tèmi ò wú."

Ó wo aṣọ ọwọ́ rẹ̀. "Subuhánallàhi. Ọwọ́ mi ló ṣìnà." Ló bá bú sẹ́kún.

Ìkejì mi kò sọ pé òun fẹ́ kí wọ́n ti ọkọ òun mọ́lé. Ohun kan ṣoṣo ló ń bèèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń darí líìgì: kí wọ́n má ṣe wọ jẹ́sì fún un títí wọ́n á fi jókòó gbọ́ ẹjọ́ òun. Fáìnà ku ọ̀sẹ̀ kan, ní Èrúwà. Mo tẹ̀ lé e lọ bá wọn. Ẹ wá gbọ́ ohun tí Alága wọn sọ: ọ̀rọ̀ ilé ni, ahọ́n àti eyín pàápàá máa ń jà. Mo ní, "Bàbá, nínú ìjà yẹn, ahọ́n nìkan ni mo máa ń rí tó ń ṣẹ̀jẹ̀." Ó ní mo ya aláfojúdi. Àwọn yìí kan náà ló lé gólì wa dànù lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn nítorí pé ó da omi sí rẹfirí lára. Omi lásán! Ó gbẹ kí eré tó parí.

Nínú gúrúùpù Wásáàpù àwọn alátìlẹ́yìn, wọ́n ti dá ẹjọ́. Ọ̀kan ní ilẹ̀kùn ló gbá a lójú. Òmíràn ní kí ni obìnrin náà kọ́kọ́ ṣe fún un. Òmíràn ní kí wọ́n jẹ́ ká gba ife ná. Obìnrin kan tó máa ń bá ìkejì mi jókòó lábẹ́ kánópì, tó máa ń jẹ ẹ̀pà inú ọ̀rá rẹ̀, ló wá fi ohùn ránṣẹ́ pé, "Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Ìkejì rẹ̀ ló ń tì í. Ó ti pẹ́ tó ti ń jowú rẹ̀." Mo tẹtí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Inú bí mi, nítorí pé ìdajì ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, ìdajì yẹn ni wọ́n sì fẹ́ fi pa èyí tó kù. Lọ́jọ́ kejì, ọlọ́kadà kan já mi sílẹ̀ lágbede méjì ọ̀nà. "Ìwọ tó o fẹ́ ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́, sọ̀ kalẹ̀." Mo sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kadà ọ̀fẹ́ ti tán.

Nígbà tí fáìnà ku ọ̀la, Alága wá sílé wa fúnra rẹ̀. Ó kí ìyá wa dáadáa, "Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o, ẹ kú ìnira," ó sì wá sọ ìdí abájọ. Ọnọ́rébù tó ra ife náà ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń jà ràn-ìn, ó ní òun kò lè ya fọ́tò pẹ̀lú ẹni tó ń lu ìyàwó nígbà tí ìbò ń bọ̀. Bí òun kò bá rí ọkọ àti ìyàwó lórí pápá, kí wọ́n má wọ jẹ́sì fún un.

Ó kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ojú ìkejì ẹ ò tíì wálẹ̀. Tìẹ dán. Ojú kan náà sì ni. Wọ aṣọ tó dáa, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin yìí, rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí. Ṣé ìyẹn náà le ni?"

Ìyá wa ní, "Ẹ fẹ́ fi ọmọ mi kan bo èkejì mọ́lẹ̀?"

Ẹ ò mọ ohun tí ọkùnrin yìí gbé síwájú mi. Èmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí pápá, kí gbogbo Ìbàràpá máa wò mí. Àyè tó jẹ́ tèmi láti ọjọ́ bẹ́ǹṣì yẹn. Ọkàn mi fò sókè, mo sì kórìíra ọkàn náà. Mo ní, "Mo gbọ́ o, Bàbá. Màá wá." Inú Alága dùn, ó gbàdúrà fún mi lọ jàra.

Ìkejì mi wà nínú yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo wọlé, ó kọjú sí ògiri. Ó ní, "Máa lọ. Èmi náà ti dúró sí àyè ẹ rí."

Mo ṣí àpótí. Mo mú àńkárá aláwọ̀ ewé tí ìyá wa rà fún wa níléyá jáde, tèmi àti tiẹ̀. Mo ju tiẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo ní, "Lọ̀ ọ́. Má jẹ̀ẹ́ kó rún."

Èrò kún pápá ní Èrúwà. Nígbà tí wọ́n pè wá, àwa méjèèjì jọ rìn wọlé, aṣọ kan náà, ìrìn kan náà. Ojú kan dán, ojú kan wú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èkejì ṣe rí kí ọkọ rẹ̀ tó lù ú, kó ṣáà wo ojú mi. Ariwo "Òsì" tó ń lọ bọ̀ dúró ní apá ọ̀dọ̀ wa, ó wá rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Alága ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo wo ibòmíràn.

Ọnọ́rébù ń rẹ́rìn-ín bọ̀. "Ẹ̀yin ará Igbó-Ọrà yìí náà! Èwo ni ìyàwó nínú yín?" Ìgbà yẹn ló tó rí ojú ìkejì mi, ẹ̀rín náà gbẹ. Ó yíjú sí agbábọ́ọ̀lù. "Ìwọ ni mo ń bi. Èwo ni ìyàwó ẹ?"

Ọkùnrin náà wo ìkejì mi. Ó wò mí. Ó na ọwọ́ sí mi.

Ẹ gbà mí o. Ọwọ́ tí mo ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá, ó nà sí mi níkẹyìn, lójú gbogbo ayé, lójú ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Òun ló yàn mí fúnra rẹ̀. Mo wo ọwọ́ náà. Èépá ibi tí eyín ìkejì mi ti bó o ṣì wà lórí oríkèé ìka rẹ̀.

Mo ní, "Èmi kọ́."

N kò pariwo, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta omi létí pápá gbọ́ ọ. Ọnọ́rébù ní kí wọ́n gbé kámẹ́rà kúrò, ó sọ̀rọ̀ sí Alága létí. Orí bẹ́ǹṣì ni Òsì jókòó sí títí eré fi parí, wọ́n sì nà wá ní góòlù kan sí òdo. Ẹ ò lè mọ bí wọ́n ṣe bú wa tó. Kò sí ẹni tó ní ọkùnrin náà ló jẹ́ ká pàdánù ife. Ìbejì ló gba ife lọ́wọ́ ìlú. Ní ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ìlú mìíràn ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún, mo sì gbọ́ pé wọ́n ń pariwo "Òsì" níbẹ̀ náà. Ṣíọ̀.

Bọ́ọ̀sì àwọn alátìlẹ́yìn kọ̀ láti gbé wa lọ́jọ́ náà. Ọ̀kadà kan la jọ gùn láti Èrúwà, ọlọ́kadà tó jẹ́ àjèjì, ó gba owó rẹ̀ pé. Èmi wà láàárín, ìkejì mi wà lẹ́yìn, ó gbé ojú tí kò wú lé mi léjìká.

Ó ní, "Ká ní mo ti sọ 'Èmi kọ́' bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń ra gààrí bọ̀..."

Kò parí rẹ̀. Èmi ni mo parí rẹ̀ nínú ọkàn mi. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ó tutù, kò sí nǹkan tó ṣe é.