Bàbá Sìmẹ́ńtì àti Ẹfun Inú Ikun Igi

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ yàrá iṣẹ́ Ìyá Páálí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan á rò pé ìṣáná ló ń tà. Páálí ìṣáná ló kún inú àwọn dúrọ́ọ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, kò sì sí ẹyọ igi ìṣáná kan nínú wọn. Èèpo igi jíjẹrà ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìdí páálí kọ̀ọ̀kan, lára èèpo náà sì ni ẹ̀dá kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà ń pè ní ikun igi. Kì í ṣe olú, kì í sì í ṣe ẹranko. Bí òjò bá rọ̀, á máa wọ́ lórí igi bí ikun imú ọmọdé. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, á dìde dúró, á di orí róbótó tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tòun ti ẹsẹ̀ tín-ín-rín lábẹ́, okùn wẹ́wẹ́ àti lẹ́búlẹ́bú dúdú nínú. Iṣẹ́ obìnrin yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún ni kó wo àwọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti okùn inú rẹ̀, kó sì kọ irú èyí tó jẹ́ sára páálí. Ohun tó bá ti kọ, kò sẹ́ni tó ń bá a jiyàn.

Páálí kan wà nínú dúrọ́ọ̀ kẹrin tí obìnrin náà kì í fẹ́ ṣí. Ó mọ ibi tó wà bí ahọ́n ṣe ń mọ ibi tí eyín ti ń dunni.

Ọdún méje sẹ́yìn ni bàbá tó ń tọ́jú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà gbé e wá. Bàbá náà kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí abẹ. Ó ti mú ikun igi tó ogójì wá ṣáájú ìyẹn. Lọ́jọ́ náà, kò lè dúró lójú kan.

"Ìyá Páálí, èyí ò sí nínú tiyín o! Orí ẹ̀ rí bí eérú, ẹsẹ̀ ẹ̀ pupa, ẹfun sì wà lára ẹ̀."

"Bàbá, eruku sìmẹ́ńtì nìyẹn. Ṣé ẹ ò rí ilé tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn ọgbà ni?"

"Sìmẹ́ńtì kẹ̀? Mo ti ń po sìmẹ́ńtì kí wọ́n tó bí ẹ. Fọ́ ọ, kó o wo inú ẹ̀."

Ó fọ́ ọ lóòótọ́. Ó tẹ́ okùn inú rẹ̀ sórí gíláàsì, ó sì kán omi ásíìdì tí wọ́n fi ń wo olú sí i, nítorí olú ló kọ́ nílé ìwé, bí wọ́n sì ṣe ń wo olú ló ṣe ń wo ohun gbogbo. Ó gbé ojú lé maikirosikóòpù. Okùn náà mọ́ gaara, kò sí ẹfun kankan. Ó kọ orúkọ irú mìíràn, èyí tí kì í ní ẹfun, sára páálí. Nígbà tí wọ́n ń mu tíì, ó fi ọ̀rọ̀ náà pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Bàbá Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ọ́fíìsì ń pe àgbàlagbà náà.

"Bàbá Sìmẹ́ńtì, àpò mélòó lẹ rí lórí igi lónìí?"

Bàbá á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò gbé páálí kankan wá mọ́.

Ọdún mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà ń ka ìwé àtijọ́ kan, ó sì bá ìlà kan pàdé: ẹ má ṣe fi ásíìdì wo ikun igi, torí ẹfun inú rẹ̀, tó jẹ́ ohun kan náà tó wà lára èèpo ẹyin, á yọ́ dànù. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí páálí náà. Omi lásán ló kán sí i lọ́tẹ̀ yìí. Okùn náà tẹ́ bí àwọ̀n, níbi tí okùn bá sì ti pàdé okùn, kókó funfun kan ló jókòó síbẹ̀. Sìmẹ́ńtì kì í wọ inú ohun tí awọ bò pinpin. Ó wá kán ásíìdì sí i. Àwọn kókó náà hó wùrùwùrù, wọ́n sì pòórá lójú rẹ̀. Àṣé ó ti pa ẹlẹ́rìí tán kó tó pè é wá jẹ́rìí.

Ó yẹ kó gba ọgbà lọ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù yẹn gan-an ni wọ́n fi í ṣe ọ̀gá yàrá náà. Ó ní òun á sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ di ọdún mẹ́rin, ó sì wá ń gba ẹ̀yìn ilé lọ sílé kó má baà kọjá lọ́gbà.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìwé jáde pé bàbá ọgbà máa fẹ̀yìn tì lọ́jọ́ Ẹtì. Akọ̀wé ọ́fíìsì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ jẹ́ ká ra àpò sìmẹ́ńtì kan fún un, ká so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́rùn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Obìnrin náà gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ láìmu ún. Àwàdà tòun ló ti dàgbà tó báyìí. Ó mú páálí náà nínú dúrọ́ọ̀ kẹrin, ó mú awò ọwọ́ rẹ̀ tó ń mú nǹkan kékeré tóbi, ó sì gba ọgbà lọ.

Bàbá jókòó ní ẹnu ọ̀nà yàrá irinṣẹ́, ó ń fi ìka wá ojú ọ̀bẹ tó fi ń gé òdòdó.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Ta nìyẹn? Áà, Ìyá Páálí! Ohùn ẹ ni mo mọ̀. Ọ̀nà ẹ jìn o. Ọdún méje lo fi rìn ín?"

Ó fẹ́ jókòó, àfi bó ṣe bá ara rẹ̀ lórí eékún. Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ásíìdì dé orí kókó funfun. Bàbá gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Irọ́ ti dé ètè rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó ní àná ni. Ó gbé e mì.

"Ó pé ọdún mẹ́rin, Bàbá."

"Ọdún mẹ́rin." Ó gba awò àti páálí náà, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó yí i síbi ìmọ́lẹ̀, ó tún yí i padà. Lẹ́yìn náà ló dá a padà fún un jẹ́jẹ́. "Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ní báyìí, mi ò rí páálí náà gan-an, ká má tíì sọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Omijé bọ́ lójú obìnrin náà.

"Má sunkún sínú ẹ̀ o," ni bàbá wí. "O ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Kò mọ̀ bóyá kí òun rẹ́rìn-ín ni.

"Lọ́jọ́ Ẹtì, o máa sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. O sì máa sọ ọdún mẹ́rin yẹn mọ́ ọn."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Wọ́n lè gba ipò lọ́wọ́ ẹ."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa. Wò ó fún mi báyìí. Ìdí ẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Ó nu ojú, ó gbé awò sókè.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ pupa. Orí ẹ̀ rí bí eérú. Níbi tó ti fọ́, kókó funfun—"

"Dúró! Pupa bíi kí ni?"

"Bíi bíríkì, Bàbá."

"Láti ilẹ̀ dókè?"

Kò mọ̀. Ọdún méje rèé, kò wò ó rí. Bàbá ti di ojú méjèèjì, ó gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń retí. Kò sọ pé òun dárí jì í, obìnrin náà ò sì bi í.

"O ti sáré kọjá lórí ẹsẹ̀ yẹn," ni bàbá wí. "Tún un wò."

Ó sì tún un wò.