Bí Mo Ṣe Lọ Wo Ṣọ́ọ̀bù Bàtà Ọkọ Mi ní Ákírà

Awọ màálù ni mo ń rẹ sínú omi lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀yọ́ nígbà tí fóònù dún. Ọwọ́ mi tutù, ó sì ń rùn, nítorí náà etí àti èjìká ni mo fi há fóònù náà. Ọkọ mi ni. Mudaṣíru, Baba Fàtí, tó ti lọ sí Gáànà láti ìgbà tí ọmọ wa ṣì ń rá.

"Ìyá Fàtí, kó ẹrù! Ṣọ́ọ̀bù ti dúró. Bàtà aláwọ, àfọwọ́ṣe gidi! Àwọn Alájì ń tò sẹ́nu ọ̀nà mi bí ẹni tó wá gba sàárà. Mú ọmọ dání, ẹ máa bọ̀, ká jọ máa gbé bí ènìyàn."

Mo ní, "Ṣé ìwọ lo ń rán bàtà náà?"

"Ta ni ì bá tún rán an?"

Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni Mudaṣíru ti kọ́ṣẹ́ bàtà, ibẹ̀ náà ló ti rí mi fẹ́. Kò yára lọ́wọ́, ṣùgbọ́n bàtà tó bá rán kì í já. Síbẹ̀, kí n palẹ̀ ilé mọ́, kí n yọ ọmọ kúrò níléèwé, kí n ta irinṣẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbọ́ lórí fóònù kó dìde. Màmá mi ló là á: "Lọ wò ó ná. Ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́ pàápàá, á yẹ ẹnu rẹ̀ wò." Mo bá fi Fàtí tì í, mo ní mò ń lọ wo ibi tí a ó máa gbé.

Wọn ò tíì pe ìrun àsùbáà tí mo fi dé gáréèjì. Láti Ọ̀yọ́ dé Èkó, mo sùn. Láti Èkó dé Sẹ̀mẹ̀ tí í ṣe ibodè, kò sẹ́ni tó lè sùn, ihò ojú ọ̀nà ń jí wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó jókòó tì mí gbé ẹyin sórí itan. Nígbà tí a fi dé ibodè, ọbẹ̀ ló gbé. Ó wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ó ṣì ṣe é dín."

Ní Kútọnu, àwọn ọlọ́kadà ló gba gbogbo títì. Sẹ́míjàn ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ni pé 'gbé mi kíákíá'. Tiwa nílé náà ń gbé ni kíákíá, a kàn ò tíì fi ṣe orúkọ. Láti ibẹ̀ dé Lòmé, òkun ń bá wa lọ lápá òsì bí ajá tó ń sin olówó rẹ̀. Nígbà tí a sì fẹsẹ̀ rìn wọ Áfláò, tí í ṣe ilẹ̀ Gáànà, mo wọ ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní tòrótòró. Méètì ni wọ́n ń pe kọ̀ndọ́ tibẹ̀. Méètì tiwa yọrí wọlé, ó ní, "Sísítà, mẹpaachẹ́u, sún díẹ̀." Mo béèrè ohun tí mẹpaachẹ́u jẹ́. 'Mo bẹ̀ ọ́' ni, lédè Twi. Mo sún títí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sílẹ̀. Nílé wa, kí kọ̀ndọ́ tó bẹ̀ ọ́, ó ti bú ìyá tó bí ọ tán.

Ó gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ní, "Àlátà ni ẹ́?" Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀ nìyẹn.

"Yorùbá ni mí."

"Àlátà náà ni. Kí lo wá tà?"

"Mi ò wá ta nǹkan. Ọkọ mi ń ṣe bàtà aláwọ ní Ákírà."

Ó na ẹsẹ̀ kan wọlé lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, kí n lè rí sílípáàsì rọ́bà rẹ̀. Ṣáléwọtẹ̀ ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni 'ọ̀rẹ́, jẹ́ ká máa lọ'. Ó ní, "Ṣé ti ọkọ rẹ lè sáré lé mọ́tò bá bíi tèmi yìí?" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú mi mo ní, dúró ná, ìwọ yóò rí bàtà.

Mudaṣíru pàdé mi ní gáréèjì Ákírà nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ó ti sanra. Ó gbé àpò mi, ó gbé mi lọ sí yàrá rẹ̀ ní Kokomlemle, ó ra wààkyé fún mi, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n fi ewé sè pọ̀ títí yóò fi pọ́n. Sídì mẹ́ta, owó Gáànà, ni wọ́n ń ta ewé kan. Wọ́n da gààrí lé e, wọ́n fi ata dúdú tí wọ́n ń pè ní ṣitọ̀ sí i, wọ́n tún wá fi màkàróònì dé e lórí. Nílé, ẹni tó bá fi màkàróònì lé ẹ̀wà, wọ́n á ní kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ewé. Ọkọ mi ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín. Lálẹ́ yẹn, tí wọ́n bá ní kí n kó dé, ǹ bá kó dé.

Ilẹ̀ mọ́, a lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ Cow Lane ló wà, níbi tí àwọn Mùsùlùmí tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá bíi tiwa pọ̀ sí. Ṣọ́ọ̀bù náà dára lóòótọ́. Ìlu, irin ṣóńṣó tí a fi ń dá awọ lu, rọ̀ mọ́ ògiri. Ọ̀bẹ ìgéwọ náà rọ̀ mọ́ ọn. Awọ kan wà tí ó nà sórí tábìlì. Kọ́tìnnì pupa gé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kúrò lára iwájú. Mo fọwọ́ kan ìlu náà, eruku dúró sí mi níka. Mo ní bóyá irinṣẹ́ àtijọ́ ni.

Alájì kan wọlé, Alájì Aláṣọ ni wọ́n ń pè é, nítorí aṣọ ló ń tà. Kí ẹ wá rí ọkọ mi! Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ pépà sílẹ̀, ó ní kí Alájì bọ́ bàtà kó dúró lé e. Ó mú pẹ́ńsù, ó ń fa ilà yí ẹsẹ̀ náà ká díẹ̀díẹ̀, ó ń mí bí ẹni tó ń wẹ òkú.

"Ẹsẹ̀ yìí, Alájì, ẹsẹ̀ ọba ni. Bàtà tí mo fẹ́ rán sí i, ojú àlá ni mo ti rí i. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ní Ákírà ni yóò wọ̀ ọ́."

Ojú Alájì mọ́lẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé, "Má jẹ́ kí Alájì Ọlọ́ṣẹ mọ̀ o. Jímọ́ọ̀ yìí ni ẹgbẹ́ wa fẹ́ ya fọ́tò ní mọ́ṣáláṣí. Mo fẹ́ kí ó rí ẹsẹ̀."

Bó ṣe jáde, Mudaṣíru rún pépà náà, ó jù ú sí ìdí ilẹ̀kùn. Ó gba Okaishie lọ, níbi tí wọ́n ti ń tajà lódindi páálí, ó sì gbé àpò ńlá kan dé. Bàtà ló kún inú rẹ̀, bàtà ilé iṣẹ́ láti òkèèrè, oríṣi kan náà, tí irin ìdè rẹ̀ ń dán. Ó mú abẹ, ó ha nọ́ńbà àti òyìnbó tó wà nídìí rẹ̀ kúrò. Ó fi yanrìn ra etí rẹ̀, ó fi àdín pa á, ó wé e sínú pépà. Mo jókòó.

"Baba Fàtí, o ní àfọwọ́ṣe."

"Ọwọ́ ta ni mo fi gbé e wá?"

"O ò rán an."

"Ìyá Fàtí, àfọwọ́ṣe ni wọ́n fẹ́, wọn ò fẹ́ dúró dè é. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí wọ́n fa ilà yí wọn lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì gbọ́ òòlù. Tí wọ́n bá ń kọjá tí wọn ò gbọ́ kó-kó-kó lẹ́yìn kọ́tìnnì, wọ́n á ní iṣẹ́ ò lọ. Bàbá kan ló ń bá mi lù ú. Ó ti padà sí Ìnísà." Ó gbójú sílẹ̀. "Mo wá rò ó pé, dípò kí n gba àlejò..."

Kò parí rẹ̀. Kò wulẹ̀ yẹ kó parí rẹ̀. Òòlù ló ránṣẹ́ pè láti Ọ̀yọ́. Òòlù ọ̀hún ló sì bí ọmọ kan fún un.

Ẹ má bú mi: mo lù ú. Ọkọ ẹni tí ènìyàn ò rí láti ọdún mélòó kan wá, èèyàn á kọ́kọ́ gbà fún un, kó tó ronú. Mo jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì, mo ń lu pákó. Láti ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ tí Alájì Ọlọ́ṣẹ wọlé. Ẹsẹ̀ ọba ni tirẹ̀ náà. Ojú àlá ni wọ́n ti rí tirẹ̀ náà. "Má jẹ́ kí Alájì Aláṣọ mọ̀ o." Àwọn márùn-ún mìíràn tún wá. Mo ní nínú mi pé ọkọ mi mà kúkú ń sùn dáadáa, tó fi ń lá àlá tó báyìí.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dé, gbogbo wa lọ kírun. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni mo wà, nítòsí ẹnu ọ̀nà. Ẹ mọ̀ pé kò sẹ́ni tí í wọ bàtà wọ mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí mo jáde, mo wo ilẹ̀, orí mi wú. Bàtà aláwọ tó ń dán, méje, wọ́n tò ti ara wọn bí ọmọ ìyá. Kò sí èyí tó yàtọ̀ sí ìkejì.

Àwọn Alájì jáde. Alájì Aláṣọ fi ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan.

Alájì Ọlọ́ṣẹ ní, "Ẹ rọra, tèmi nìyẹn."

"Tìẹ kẹ̀? Ṣé mi ò mọ bàtà mi ni?"

"Bàtà yẹn, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ní Ákírà ló wọ̀!"

"Èmi ni Mudaṣíru sọ ìyẹn fún!"

"Irọ́ ni! Èmi ló lá àlá fún!"

Àwọn yòókù náà ti ń wá tiwọn. Ẹnì kan wọ ẹsẹ̀ òsì méjì. Ẹnì kan jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìbú ọwọ́ wọ̀n bàtà. Onífọ́tò dúró tì wọ́n, ó ń béèrè bóyá kó máa yà á bẹ́ẹ̀.

Mudaṣíru fa ọwọ́ mi, eré ni. A sá dé ṣọ́ọ̀bù, ó tì mí sẹ́yìn kọ́tìnnì. "Lù ú! Lù ú, Ìyá Fàtí! Tí wọ́n bá gbọ́ òòlù, ara wọn á wálẹ̀!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó wọlé, òmíràn pẹ̀lú bàtà, òmíràn láìsí. Mo gbọ́ ọkọ mi tó ń sọ pé, "Ẹ gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, Alájì, ẹ gbọ́." Kọ́tìnnì ṣí.

Alájì Aláṣọ wò mí. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ kú iṣẹ́. Kí lẹ ń lù?"

Mo wo ojú Mudaṣíru lẹ́yìn rẹ̀. Ó ń fi ojú bẹ̀ mí, mo sì fẹ́ràn ojú náà, mi ò ní sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n mo rí i kedere pé bí mo bá ní bàtà ni, ibi tí mo jókòó sí yẹn gan-an ni ilé mi láti ọjọ́ yẹn lọ, Fàtí á sì máa bá mi dá kó-kó-kó tí òun náà bá dàgbà.

Mo ní, "Pákó ni, sà."

Mo rò pé wọ́n á ní kí ọkọ mi dá owó padà, mo rò pé wọ́n á pariwo olè. Àṣé mi ò tíì mọ àwọn Alájì. Alájì Ọlọ́ṣẹ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó yíjú sí Alájì Aláṣọ, inú ń bí i gidigidi. Ó ní, "Mo wí! Mo ní bí tìẹ ṣe ń dán yẹn ò lè jẹ́ ojúlówó!" Alájì Aláṣọ ní, "Tìẹ wá ń kọ́?" Kò sí ẹni tó bínú pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ohun tó ń dun kálukú ni pé wọ́n rẹ́ ẹnìkejì jẹ ní irú tirẹ̀ gẹ́lẹ́.

Wọ́n jókòó, wọ́n fi àgbà ṣe é. Ìdájọ́ wọn ni pé kí Mudaṣíru fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán bàtà fún àwọn méjèèje, níṣojú, láìsí kọ́tìnnì, kí ọ̀kan má sì jọ ìkejì. Wọ́n fa kọ́tìnnì náà lulẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà lọ ya fọ́tò ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí onífọ́tò yà á láti orí dé ìbàdí.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi rẹ awọ. Ó mú ìlu, ó gún ara rẹ̀ ní àtàǹpàkò. Alájì méjì ti gbé àga síwájú rẹ̀, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe é kẹ́yìn ni," ni ọkọ mi wí.

"A rí i," ni Alájì Ọlọ́ṣẹ wí.

Mo fi àdín ra àtàǹpàkò rẹ̀, mo fi aṣọ dì í. Ó rọra sọ fún mi pé, "Dúró, ká jọ rán an. Ọwọ́ rẹ yá jù tèmi lọ."

Mo ní, "Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń lọ nìyẹn. Tí mo bá dúró, èmi ni màá rán an, ìwọ lá máa lá àlá." Ó rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Mo se kẹ́ńkẹ́ àti ẹja fún un, ìyẹn ẹ̀kọ tiwọn tó máa ń kan lẹ́nu, kó lè rí nǹkan jẹ fún ìgbà díẹ̀, mo sì gbé àpò mi.

Ọ̀nà tí mo gbà lọ ni mo gbà bọ̀. Bí ẹ bá bi mí ní ohun tí mo rí kọ́, ẹ̀yin tí ọkọ yín wà lókè òkun, òun ni pé kí ẹ lọ wò ó. Ẹ má kó ilé, ẹ má ta irinṣẹ́. Ẹ kàn wọ ọkọ̀, kí ẹ sì gbé kọ́tìnnì sókè.

Mo dé Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án. Fàtí sáré pàdé mi, ó di mọ́ mi lẹ́sẹ̀.

"Ṣé Dádì ń ṣe bàtà lóòótọ́?"

"Ó ń kọ́ ọ lọ́wọ́."

Ó ronú. "Ṣebí ọ̀gá ni?"

"Ó ti tún di ọmọ iṣẹ́."

"Ta ni ọ̀gá rẹ̀?"

"Alájì méje ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá dá a sílẹ̀, ó máa fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá mú wa."

"Tí wọn ò bá dá a sílẹ̀ ńkọ́?"

Mo gbé e lé itan, mo bọ́ bàtà iléèwé rẹ̀, mo rí i pé ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbìyànjú láti lu bàtà náà jáde.

Mo ní, "Nígbà náà, bàtà wà nílé wa, Fàtí. Mú ẹsẹ̀ rẹ wá kí n wọ̀n ọ́n."