Aláǹtakùn Oko Kọfí

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ ní Ògìdì, tí òdòdó kọfí sì là, òórùn rẹ̀ a máa dùn débi pé àlejò á rò pé wọ́n ń fún oyin lẹ́yìnkùlé. Inú òórùn yẹn ni mo ti ṣe iṣẹ́ tó sọ mí di ẹni tí mo jẹ́ lónìí. Ìgbà yẹn, Ìpínlẹ̀ Kwara la ṣì wà, Ìlọrin sì ni ìwé ìjọba wa ti ń wá. Mo wà ní yunifásítì, aláǹtakùn inú igbó kìjikìji ni mo ń kọ́ nípa rẹ̀. Olùkọ́ mi ní bí mo bá rí ẹ̀yà tí ẹnikẹ́ni ò tíì kọ sílẹ̀ rí, kí n ṣàpèjúwe rẹ̀, kí n sọ ọ́ lórúkọ, òun á bá mi fọwọ́ sí i, a ó sì fi ránṣẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló gbà mí sílé. Opó ni, oko kọfí rẹ̀ sì lọ kan etí igbó. Kò bi mí léèrè ohun tí odidi ọmọ yunifásítì ń fi aláǹtakùn ṣe. Yóò kàn jí mi láàárọ̀, á kí mi bí wọ́n ṣe ń kíni níbẹ̀, “Okun o, ọmọ mi,” a ó mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó di oko. Bó bá ń ro ìdí kọfí, èmi a máa yẹ abẹ́ ewé wò, màá kó ohun tí mo bá rí sínú ìgò sípíríìtì.

Kò pẹ́ tí mo fi rí méjì tí kò sí nínú ìwé kankan tí mo ní. Ọ̀kan tóbi, ó pọ́n bí epo. Èkejì dúdú, kò ju hóró ọkà bàbà lọ. Mo mọ̀ pé abo ni ńlá, akọ sì ni kékeré, ṣùgbọ́n ta ni yóò rò pé tọkọtaya ni wọ́n? Mo kọ wọ́n sílẹ̀ bí ẹ̀yà ọ̀tọ̀ méjì. Inú mi dùn, mo ti ń gbọ́ orúkọ ara mi lẹ́nu àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà tó ku ọ̀la kí n wọkọ̀ ní Kábà, ìyá yìí ní kí n fi àwòrán mi han òun. Ó nàka sí kékeré. “Èyí ńkọ́?”

“Ẹ̀yà tirẹ̀ ni, Ìyá. A ò tíì rí ìyàwó rẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìbàdí mú. “Ìyàwó rẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yìí! Inú oko mi ni wọ́n jọ ń gbé.”

Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìwé nìyí o.” Bó ti bọ́ lẹ́nu mi ni ojú ti ń tì mí. Kò bínú. Ó ní, “Má tíì lọ lọ́la. Jẹ́ ká lọ jókòó tì wọ́n.”

Àárọ̀ mẹ́ta la fi jókòó, koríko oko Ìyá sì ń hù láìro. Lọ́jọ́ kẹta, dúdú kékeré yẹn rìn wá sétí òwú tí ńlá ta, ó fẹsẹ̀ ta òwú náà jẹ́jẹ́ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Abo ńlá náà kò mira. Ọkọ gòkè lọ bá a, abo náà kò sì pa á jẹ.

“Ṣé o rí i?” Ìyá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo fa ìwé mi ya lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yà méjì di ẹyọ kan, ṣùgbọ́n òótọ́ ni ẹyọ kan náà. Ká ní mo ti fi ránṣẹ́ ni, ẹlòmíràn ni ìbá tú àṣìṣe náà síta, ìtìjú náà ìbá sì kan olùkọ́ mi. Nígbà tí olùkọ́ mi béèrè bí mo ṣe mọ̀, mo sọ fún un. Ó mú kálámù, ó kọ orúkọ ìyá náà sí ibi ìdúpẹ́. Ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ tán, mo gbé e lọ sí Ògìdì, mo fi ìka mi sórí ìlà náà.

“Wọ́n kọ ọ́ pé àgbẹ̀ kọfí ni mí?”

“Wọ́n kọ ọ́, Ìyá.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀.”

Ìyá ti sùn oorun ikú báyìí. Aláǹtakùn tí mo ti sọ lórúkọ láti ìgbà náà kò kéré, àwọn èèyàn sì ń yìn mí pé n kì í kánjú. Wọn ò mọ ibi tí mo ti kọ́ ọ. Ìmọ̀ rẹ̀ kọ́ ni mo ń dúpẹ́ rẹ̀ jù. Ohun tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀ ni pé ẹni tí mo fi ìwé gbá lẹ́nu kò torí ẹ̀ bínú kó jẹ́ kí n gbé àṣìṣe mi máa lọ.